Ilá Tí Kì Í Fà

Ọbẹ̀ ilá Rodiat kì í fà. Bí Oyèkúnlé, ọkọ rẹ̀, bá ti orí ọ̀kadà dé sílé wọn n'Ílaro, tó bá ti fi òkèlè kàn án, á ní, "Ìyá Toheebat, kí lo fi ṣẹ ilá yìí tó fi kọ̀ láti fà?" Rodiat á rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn rí.

Ibà ló mú un lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọjọ́ tó ṣáájú ibà náà ló di irun Toheebat, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje. Ṣùkú ló dì. Wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, ṣùkú ṣì wà lórí. Ọmọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ó ní ọwọ́ Màmá òun ló wà níbẹ̀.

Irun ta kókó, ó lẹ̀ pọ̀. Tíṣà ránṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́jú orí ọmọ kó tó wá ní Mọ́ńdè. Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n Oyèkúnlé lóbìnrin, gbé abẹ wá láti Ifọ́nyìntẹ̀dó. Ó ní kí wọ́n fá a, irun kì í pẹ́ hù. Oyèkúnlé bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ohun tí Rodiat fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó ṣẹ́kù nínú ilé ò pọ̀ mọ́.

Ní Sátidé, ó lọ ra kọndíṣọ́nà, ìpara tó ń mú irun rọ̀, lọ́jà. Ìyá tó ń tà á bi í bóyá irun náà gbẹ, bóyá ó le. Kò mọ̀. Ó ní irun ọmọ òun ni. Ìyá náà ṣí ìdérí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ta sánsán bí súìtì. Òmíràn, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Oyèkúnlé gbóòórùn gbogbo rẹ̀, ó mú funfun kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti ọrùn Rodiat.

Ó délé, ó po òrí àti òróró àgbọn mọ́ ọn nínú abọ́. Ó fi pa irun náà, ó ti òòyà bọ̀ ọ́. Ọmọ ké. Ó fi òróró kún un. Òróró ń ṣàn sí ọmọ lọ́rùn, kókó ò tú.

Toheebat fi ìka kan ohun tó wà nínú abọ́ náà wò. "Bàbá, kò yọ̀. Ti Màmá máa ń yọ̀."

"Kí ni wọ́n ń fi sí i?"

"Omi ilá. Wọ́n á bọ ilá, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ fún irun mi. Ìyókù ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yín."

Oyèkúnlé jókòó sórí àpótí. Ó bèèrè ìdí tí Rodiat ò fi sọ fún òun.

"Wọ́n ní tó bá ti rẹ̀ yín, ilá yẹn nìkan ló ń mú yín ṣàwàdà."

Ọjọ́ kejì ó bọ ilá, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, ó pò ó mọ́ tàná. Ọwọ́ yọ̀. Ó ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan láàárín orí. Toheebat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oyèkúnlé dúró. Kò rọ̀ ọ́, kò bá a wí. Nígbà tó yá, ọmọ fúnra rẹ̀ tú u.

Ìbíyẹmí dá abẹ padà sínú báàgì, ó jókòó ti ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Oyèkúnlé fi ilá tó kù se ọbẹ̀. Kò fà. Toheebat ń wò ó lẹ́nu, ó ń retí.

"Kí lo fi ṣẹ ilá yìí," Oyèkúnlé ní. Ó dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un.