Bí A Ṣe Da Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Àwọn Amòòkùn

Ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn kòrónà nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi da iṣẹ́ sílẹ̀ nítòsí Dallas níbí, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún wa lórí rẹ̀. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Duncanville ni mo sì ń gbé. Lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi, mo wà nínú ẹgbẹ́ amòòkùn ìlú kékeré kan tó ní adágún ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá rì, àwa ni ọ̀gá panápaná ń pè láti lọ wá a nísàlẹ̀ omi. Omi náà dúdú débi pé bí o bá gbé ọwọ́ ara rẹ síwájú ojú, o ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ni igi tó rì àti okùn apẹja kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú ò wúlò fún wa níbẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí ìlú ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa kò ju káàdì tí wọ́n ń fún àwọn tó lọ wo ẹja nínú òkun tó mọ́ gaara nígbà ìsinmi.

Múfútáù, ọ̀kan lára wa, ló fara gbá a. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Addison. Wọ́n rán an wọ omi láìsí okùn lára rẹ̀, láìsí ẹnì kejì tó múra sílẹ̀ láti wọlé bá a. Okùn apẹja wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ tó gbé sẹ́yìn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó fi ọ̀bẹ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, ó bọ́ ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, “Àǹtí, ìyàwó mi ní òun ò ní di opó nítorí volunteering. Mi ò sì lè bá a jà.”

Inú bí mi débi pé n kò lè wakọ̀ lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sínú gáréèjì mi, a sì fẹnu kò pé a ò wọ omi mọ́, àfi bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ṣe òfin. Kí amòòkùn kọ̀ọ̀kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan láìríran. Kí okùn so ó mọ́ ẹni tó wà létí omi, kí ẹnì kejì sì wà ní sẹpẹ́. Kí wọ́n máa dán wa wò lọ́dọọdún, kí ẹni tí kò bá yege sì jókòó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìgbìmọ̀ ní a ti le jù. Wọ́n ní bí ìdánwò bá pọ̀, kò sẹ́ni tó máa wá ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọkùnrin kan láàárín wọn tilẹ̀ bi mí pé ta ló bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Mo ní àwọn òkú tó wà lábẹ́ omi ni. Síbẹ̀, wọn kò dìbò lórí òfin náà.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi já bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó ti pẹ́ lábẹ́ omi. Òkú la máa gbé. Àwọn kan lára wa ní ká má lọ, pé ìgbà yìí gan-an ni ìlú máa mọ iyì wa. Mo ní a kì í fi òkú olókùú jagun. A máa lọ, ṣùgbọ́n òfin tí a ń jà fún la máa fi ṣiṣẹ́.

Ìyàwó olóògbé jókòó sórí koríko. Ọ̀gá panápaná ní kí n tètè wọlé. Mo ní ó dìgbà tí ẹnì kejì bá múra tán. Múfútáù tó ti ní òun ò ṣe mọ́ ló wá di okùn mi mú. Ọwọ́ ni mo fi ń wá a nínú òkùnkùn yẹn, títí okùn apẹja fi wé mọ́ èmi náà. Mo fa okùn tó wà lọ́wọ́ Múfútáù bí a ṣe ṣe àdéhùn, ẹnì kejì sì tọ okùn náà wá bá mi, ó gé mi kúrò. Àwa méjèèjì la jọ gbé ọkùnrin náà jáde fún ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin ìgbìmọ̀ tó béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ dúró létí omi, ó rí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìbò, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Mo jó níta gbọ̀ngàn ìlú, níwájú àwọn òyìnbó, ojú ò sì tì mí.

Òfin wà, kò sì tíì sí amòòkùn wa kankan tó fara pa. Ṣùgbọ́n a pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ka ìdáṣẹ́sílẹ̀ wa sí ìwà ọ̀dàlẹ̀, wọn ò sì padà. Àwọn ìlú kan nítòsí wa ṣì ń fi káàdì ìsinmi rán èèyàn wọ omi dúdú. Gbèsè yẹn wà lọ́rùn ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí.

Múfútáù kò wọ omi mọ́, òun ló ń darí ìdánwò báyìí. Ní ọdún tó kọjá, orúnkún mi kọ̀ nínú ìdánwò, n kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tó yẹ. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀.

Ó rọra ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jà fún nǹkan yìí. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ pé ẹ ò yege?”

Mo ní, “Bí o bá fojú fo tèmi, ta lo máa wá dá dúró?”

Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé Àǹtí Rọ́lákẹ́ kò yege. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé a ti borí.