Ìbọn Tí Kò Jẹ Ẹ̀tù Rí

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ ní Kàbbà nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣì wà níbẹ̀ ni mo máa ń rántí. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin tún ìbọn ṣakabùlà bàbá wọn tó ti dógùn-ún ṣe. Wọ́n gbẹ́ ìdí tuntun fún un, wọ́n tún rán ẹ̀wù fún un, aṣọ àwa èèyàn sì ń dúró. Bí o bá kí wọn pé, "Okun o," wọ́n á nawọ́ sí ìbọn, wọ́n á ní, "Kí òun náà."

Nígbà tí ìyá wọn kú, ọmọ òkú gbọ́dọ̀ yin ìbọn ẹ̀yẹ. Olórí ọdẹ ní, "Rọ ẹ̀tù sí i."

"Ẹ̀tù kẹ̀? Kó tún dọ̀tí?"

Wọ́n gbé ìbọn sókè, wọ́n fi ẹnu wọn pariwo: "Gbàù!"

Olórí ọdẹ fi ìbínú lọ, kò fẹnu kan oúnjẹ òkú.

Lọ́jọ́ tí a sin àbúrò bàbá mi náà, olórí ọdẹ yìí kan náà ló béèrè ìbọn ọ̀hún. Ó rọra fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e sókè, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbàù!"