Fíláàṣì Aago Méje

Mo ṣì máa ń gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí kí n tó sùn, kí n lè gbọ́ ọ bó bá dún ní aago méje àárọ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà tí mo ń retí kò lè pè mí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù, ojú mi á wà lára fóònù, n kò sì ní lè dìde títí aago méje ààbọ̀ á fi kọjá. N kì í sábà sọ èyí fún ènìyàn, nítorí wọ́n á ní kí n lọ sinmi, bẹ́ẹ̀ ìsinmi kọ́ ni mo nílò.

Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ nígbà tí mo pàdé alága ẹgbẹ́ wa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé, nínú yàrá kan ní Agbowó, n kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni alága. Ibi tí mo ti ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ ní Bódìjà ni wọ́n ti bá mi, àwọn náà fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé kan. Wọ́n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé o ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Rárá, mà. Mo ṣì ń wá a ni."

"Ó dáa. A jẹ́ pé o ráyè nìyẹn."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Àwa méje péré ni. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé nínú ilé ńlá ní Bódìjà àti Ring Road là ń tọ́jú, àwọn tó ti ṣe olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn ọmọ wọn ti lọ sí òkè òkun. Owó kọ́ ni ìṣòro wọn, torí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́. Ẹni tí yóò bá wọn ra oògùn ni wọn kò ní, ẹni tí yóò bá wọn tò sórí ìlà ní ọsibítù, ẹni tí yóò wá ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Alága ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ pé gbogbo wọn jí ire. Láàárín aago méje sí méje ààbọ̀ àárọ̀, àgbà kọ̀ọ̀kan á fíláàṣì ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: á jẹ́ kí fóònù dún díẹ̀, á sì gé e. A kò gbọdọ̀ gbé e, kó má baà jẹ owó orí fóònù wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n jí ire. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ara wọn kò yá, kí á wá. Bí fíláàṣì kò bá sí rárá, kí á sáré lọ. Alága fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí kò ni ojú tó ti ń ṣú lára, kò sì ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n lára. A máa ń fi yangàn láàárín ara wa.

Àgbà mẹ́ta ni wọ́n pín fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ní Bódìjà tó ti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mọ́mì ni mo máa ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, àmọ́ mọ́tò ọkọ wọn ṣì wà lábẹ́ tapólì ní ẹ̀gbẹ́ ilé, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lábàá pé kí wọ́n tà á. Ọmọbìnrin wọn wà ní Kánádà, ọmọkùnrin wọn wà ní ìlú ọba, wọ́n sì máa ń pè wọ́n lórí fídíò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Kọ́pà ni Mọ́mì máa ń pè mí. "Kọ́pà tí kò ní káàkì mọ́," wọ́n á ní, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Fíláàṣì wọn kì í yẹ̀. Bí aago méje bá ti ń lù, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣọ ni mò ń fọ̀. N kò tilẹ̀ fọ ọṣẹ ọwọ́ mi kúrò tí mo fi gun ọ̀kadà. Gbogbo ohun búburú tó lè ṣẹlẹ̀ ni mo ti rò tán kí n tó dé ẹnu géètì. Mọ́mì fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti pa àtíkè. Àwo méjì wà lórí tábìlì, iṣu sísè àti ẹyin díndín, wọ́n fi àwo mìíràn dé ọ̀kan.

"Mọ́mì, kí ló ṣe yín?"

"Jókòó ná, ó ti ń tutù."

Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àléébù mi nìyẹn: bí ẹ̀rù bá bà mí, mo máa ń ṣàlàyé. Mo ní mo mọ rírì oúnjẹ náà o, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá wà nínú ewu lásìkò kan náà ńkọ́? Mo ní bí a bá ń sáré sí ohun tí kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹsẹ̀ wa kò ní yá mọ́. Mo ní kì í ṣe pé inú ń bí mi, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbínú àti ẹ̀rù. Mọ́mì ń wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ń ka àkọ́sórí.

Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n tọ́ka sí páálí ara ògiri. "Èwo wá ni ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tó kàn fẹ́ kí ènìyàn wá?"

"Ìyẹn kò sí níbẹ̀, mà."

"Kò sí níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ti gbọ́, tíṣà," ni wọ́n wí, wọ́n sì bu iṣu kan kún tèmi.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Alága ní mo ṣe dáadáa, pé bó ṣe yẹ kí á máa fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn nìyẹn. Ẹnìkan béèrè bóyá mo jẹ iṣu tán kí n tó bá wọn wí, mo ní mo jẹ ẹ́ tán, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé mo ṣe nǹkan dáadáa.

Láti ìgbà náà, Mọ́mì kò fíláàṣì mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú òjò, mo ń múra láti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀. Aago méje kọjá, fóònù kò dún. Mo ti wọ bàtà kan, mo mú èkejì lọ́wọ́, mò ń wo fóònù. Nígbà tó di méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ó dún lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i pé ó pẹ́. Èmi tí n kì í jẹ́ kí nǹkan kékeré kọjá láìrò ó, mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ̀ẹ̀kan sì túmọ̀ sí pé wọ́n jí ire. Ṣebí èmi gan-an ni mo ṣàlàyé rẹ̀.

Ní Dùgbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí á jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n wá ní kí á máa lọ, àwọn á pè wá. Mọ́tò tó gbé mi bọ̀ gba Bódìjà kọjá. Mo rò ó pé kí n sọ̀ kí n yà kí Mọ́mì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè bó ṣe lọ, n kò sì fẹ́ sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Mo jókòó sínú mọ́tò náà dé Agbowó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tó kù díẹ̀ kó di méje ààbọ̀. Ní Ọjọ́rú, kò dún.

Mo sáré dé ilé Mọ́mì. Obìnrin ilé kejì ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, àwa méjèèjì la jọ wọlé. Mọ́mì wà lórí àga ní pálọ̀, fóònù wà lórí itan wọn, ọwọ́ òsì wọn kò gbéra mọ́, ẹnu wọn sì ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n gbìyànjú láti tún gèlè orí wọn ṣe.

Ní ọsibítù, dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ó ti ń bọ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ méjì, pé ká ní a tètè gbé wọn wá, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Alága tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rọra béèrè ìdí tí Mọ́mì kò fi fíláàṣì ẹ̀ẹ̀mejì láti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu Mọ́mì, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ọwọ́ kàn wúwo ni. Mo rò pé kò tíì tó ẹ̀ẹ̀mejì."

Wọ́n wá wò mí. Ká ní wọ́n fi ojú bá mi wí ni, bóyá ara ì bá tù mí. Ńṣe ni wọ́n wò mí bí ọmọ ilé ìwé tó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe ń wo tíṣà tó fẹ́ máàkì ẹ̀ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kú.

Àwọn ọmọ méjèèjì wá sin wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin wọn pè mí wá sí pálọ̀, níbi tí páálí náà ṣì ti wà lára ògiri. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ yín kì í tán lẹ́nu Mọ́mì. Wọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ máa ń wá bá àwọn jẹun, pé ẹ fẹ́ràn iṣu púpọ̀. Ọkàn wa máa ń balẹ̀ pé wọn kò dá jẹun."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jẹun nínú ilé náà. Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé. Gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi: páálí, iṣu, ọ̀rọ̀ gígùn tí mo sọ, mọ́tò tó gba Bódìjà kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Nípàdé tó tẹ̀lé e, mo ní kí á fi àmì mìíràn kún ti orí páálí, ti ẹni tó kàn fẹ́ kí ènìyàn wá. Ẹnìkan ní bí wọ́n bá ń pè wá nítorí iṣu, ta ni yóò lọ sí ọsibítù? Òótọ́ ni. Ohun tí èmi náà sọ lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Alága kàn gbé máákà àti páálí tuntun síwájú mi, wọ́n ní ọwọ́ mi dára ju tàwọn lọ. Mo kọ ẹ̀ẹ̀kan, mo kọ ẹ̀ẹ̀mejì, mo wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ẹ̀ẹ̀mẹta: kò sí ohun tó ṣe mí, ẹ ṣáà wá.* Alága kà á, wọ́n fi eyín já sẹ́lótéèpù, wọ́n sì nà án sí mi.

Ẹnikẹ́ni kò tíì fíláàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta rí. Bàbá kan ní Ring Road, tó wà lára àwọn àgbà tí mò ń tọ́jú, ka páálí náà tán, wọ́n ní àwọn kọ́ ni yóò máa da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Ó ti yé mi báyìí. Àgbà tó bá ní kí wọ́n wá wo òun lásán, lójú ara rẹ̀, ó ti ń tọrọ nìyẹn.

Nítorí náà, n kì í dúró de fíláàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ring Road. Bàbá á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí ló dé? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fíláàṣì."

Mo máa ń dáhùn pé ebi ló ń pa mí.