Irun Ọmọ Tuntun Tí Mo Dà Sí Ààtàn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fìdí lélẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ irun gígẹ̀. Orí mi ti ń hewú kí n tó kó kílípà mi wá sí Ìlobù, ìlú ìyàwó mi. Mo rò pé ọ̀gá ti dé. Mo kọ “Onígbàjámọ̀ Àbíjàn” gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á kí mi tilé-tọ̀nà, wọ́n á sì lọ gẹrun lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ìyàwó mi ló bá mi wáṣẹ́: wọ́n bímọ ní agboolé wọn, kí n wá fá orí ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

“Bàbá Ràfíátù,” ó ní, “bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ ti di ọmọ ìlú. Bí ẹ bá bà á jẹ́, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́.”

Mo wọ aṣọ funfun bíi dókítà. Àfáà ṣàdúà tán, wọ́n gbé ọmọ fún mi, ó figbe ta, mo fá a. Ní Àbíjàn, onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi irun sílẹ̀. Mo gbálẹ̀ tónítóní, mo da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá ọmọ, tẹ́ ìrépé aṣọ síwájú mi.

“Àna wa, o kú iṣẹ́. Irun dà?”

“Mo ti dà á nù, Ìyá.”

Mi ò mọ̀ pé rírì ni wọ́n ń ri irun àkọ́fá mọ́lẹ̀ lágboolé náà, kó má bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aráyé.

Mo sáré padà sí ààtàn. Wọ́n ti da irun àgbò ìsọmọlórúkọ lé e lórí. Mo ṣà, mo ṣà, mo gbé ẹ̀kúnwọ́ kan wá. Ìyá Àgbà gbóòórùn rẹ̀.

“Àna wa, ṣé àgbò la bí ni?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ ń wò mí bí ẹni ń wo olè.

Ìyá Àgbà gba ọmọ mọ́ra, ó yí i lórí. Irun ṣù jọ ní ìpàkọ́! Igbe ọmọ ló dẹ́rù bà mí, tí mi ò fá débẹ̀.

“Ẹ wá wo iṣẹ́ Àbíjàn!” Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. “Iṣẹ́ àṣepatì ló gbà ọ́ lónìí. Fá ìyókù, kó o fi lé mi lọ́wọ́.”

Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń pè sí gbogbo ọmọ tuntun, Ìyá Àgbà á sì gbé àpótí ìdáná rẹ̀ jókòó tì mí bí ọlọ́pàá.

Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí. Ràfíátù ọmọ mi ló jogún kílípà àti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, tí wọ́n ń pín ogún, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí bí àlejò. Àwọn ọkùnrin gba oko, àwọn obìnrin pín aṣọ. Ni wọ́n bá pe orúkọ mi. Àpótí ìdáná rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan kúrú, ni wọ́n gbé fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbà á. Ó ti gbé mi ṣubú rí, síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí káfíńtà fọwọ́ kàn án.