Irin àti Bàbà Nínú Ìdánwò Ẹ̀gbọ́n Mi

Kò tíì pẹ́ tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ ń múra ìdánwò àṣejáde ní kọ́léèjì kan ní Àjàṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n kíláàsì kan náà la wà, torí iṣẹ́ oko bàbá wa ní Odomèta ti dá a dúró nígbà púpọ̀. Lọ́dún yẹn náà, àìsàn dá bàbá wólẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì padà sílé lọ gbin àgbàdo. Ìgbà tó fi dé, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ti kọ́ wa lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ṣimí, tó dá lórí bí èròjà ṣe ń yí padà, a ní láti mọ èyí tó di ọksidé àti èyí tó di redui nígbà tí méjì bá pàdé. Mo sọ fún un pé èyí tó bá pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nù, horo tín-ín-tín inú èròjà, ni redui. Lójú tèmi, redui, tó túmọ̀ sí ‘dínkù’ lédè Faransé, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju ohun tó dínkù lọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Láàárọ̀ ìdánwò, mo yẹ ìwé ọ̀rẹ́ mi kan wò lẹ́nu ọ̀nà. Òdìkejì ló wà níbẹ̀: èyí tó pàdánù ni ọksidé, èyí tó gbà ni redui. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti dé bá wa.

“Èyí tó pàdánù ni redui, àbí?”

Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa tó gbà pé èmi ni mo mọ̀wé jù ń wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ìdánwò náà, wọ́n béèrè nípa ìṣó irin tí a kì bọ omi búlúù tí bàbà ti yòrò sí, tí bàbà wá lẹ̀ mọ́ ìṣó náà. Mo kọ ọ́ pé irin ló di ọksidé, bàbà ló di redui. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú mi, ó ń kọ̀wé láìdúró.

Mo yege. Ṣimí ló fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn, díẹ̀ báyìí ló kù kí ó yege. Bàbá ní ilé ìwé tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọdá sí Nàìjíríà, ó ń ṣe bíríkìlà ní Abẹ́òkúta.

Ìgbà tó wálé sin bàbá ni mo jẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn ilé.

“Ṣé o ti mọ̀ kí a tó wọlé?”

“Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo sì bi ọ́.”

Ọjọ́ kejì ló padà, kò sì wálé mọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin, kò fèsì kankan. Ìyá wa a máa bi mí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ òun. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kú ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi. Oníṣòwò kan tó ti Abẹ́òkúta wá sí ọjà Kétu ló sọ fún mi pé ibà ti pa á, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún.