Màrdíyyàh Tí Kì Í Pe Orúkọ

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Jímọ̀ nígbà tí wọ́n gbé Màrdíyyàh wá láti Ìjagbó sí Ọ̀fà fún ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, Taofeek. Eyín iwájú méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lẹ́nu Jímọ̀ ni. Ìyàwó wò ó títí, ó sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ pa ẹnu dé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyàwó kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn nìyẹn. Ẹni tó bá ti wà nílé ọkọ kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀, kì í sì í sọ "ìwọ" sí i. Màrdíyyàh a gbé omi sí ẹ̀yìnkùlé, a ní, "Ọkọ mi, ẹ wá wẹ̀." Ọkọ rẹ̀ a sá gun orí igi máńgòrò.

Safiyat, ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ obìnrin, òun náà di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ni. Nísinsìnyí, Jímọ̀ ń wa kẹ̀kẹ́, bí Safiyat bá sì wọlé sínú rẹ̀, Jímọ̀ a ní kí èrò méjì jókòó sí òdìkejì kí kẹ̀kẹ́ má baà dojú dé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ló ṣì ń jẹ́.

Màrdíyyàh kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí ní àbọ̀. Nítorí orúkọ Jímọ̀, kì í pe ọjọ́ Jímọ̀. "Ọjọ́ ìrun ńlá" ló ń pè é. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán nítòsí rélùwéè. Ọmọ kan wá wọn aṣọ, Taofeek ni ọmọ ọ̀hún ń jẹ́. Màrdíyyàh kò kọ ọ́ sínú ìwé. "Ọmọ tó jẹ́ orúkọ wọn" ló kọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ méjì ló wá tí wọ́n jẹ́ orúkọ wọn. Ó rán ṣòkòtò ti gíga fún kúkúrú.

Ọkọ rẹ̀ gan-an, Bàbá Hàlímàt ló ń pè é, orúkọ ọmọbìnrin wọn. Ṣójà ni Taofeek. Tó bá pè lórí fóònù láti ojú ogun nílẹ̀ Hausa, a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun gbọ́ bó ṣe máa dún lẹ́nu rẹ̀. Màrdíyyàh a ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ṣójà sílẹ̀ ná, kí wọ́n gbé àpótí wọn sí pálọ̀. Ọjọ́ yẹn lòun máa pè é.

Àpótí nìkan ló dé. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ló pa Taofeek. Wọ́n gbé àpótí sí pálọ̀. Jímọ̀ mú bàtà dúdú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tóbi jù ú lọ. Ó ki bébà bọ imú rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ kiri.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ṣójà. Jímọ̀ kò ka ìwé púpọ̀. Ó ń ka lẹ́tà náà bí ẹni ń ṣa eegun ẹja. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé owó wà fún ìyàwó tí Taofeek kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìjọba yóò sì máa san owó ilé-ìwé Hàlímàt. Kí ìyàwó wá sí ọ́fíìsì àwọn ṣójà ní Ìlọrin pẹ̀lú ẹbí ọkọ méjì tí yóò jẹ́rìí sí i. Tí ó bá kọjá ọjọ́ Jímọ̀, fáìlì ń padà sí Àbújá. Àwọn tó mọ ọ̀nà sì ti sọ fún wọn pé fáìlì tó bá padà sí Àbújá, ọmọ á jáde girama kó tó dé. Oṣù tó ń bọ̀ ni Hàlímàt fẹ́ wọ girama.

Ọjọ́ ìrun ńlá gan-an ni wọ́n lọ. Sájẹ́ńtì tó jókòó níbẹ̀, ará Bẹ́núè ni. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní Ìlọrin, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Safiyat ti lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Sájẹ́ńtì tọ́ka sí Jímọ̀.

"Ta ni èyí?"

"Ọkọ mi ni."

Sájẹ́ńtì gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ọkọ rẹ? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn."

Sájẹ́ńtì wo Jímọ̀. Ó wo ẹ̀yìn Jímọ̀, bóyá àwọn mìíràn wà níbẹ̀. "Wọ́n? Àwọn mélòó ni?"

"Méjì ló bá mi wá, sà. Àwọn yòókù wà nílé."

Jímọ̀ rí i pé ilé ti ń jó. Ó fi òyìnbó dá sí i. Ó ní òun kì í ṣe họ́sìbáǹdì, sùmọ́ọ̀lù họ́sìbáǹdì lòun. Sájẹ́ńtì pa fáìlì dé. Ó ní obìnrin tó bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá tábìlì òun, Àbújá ni wọn yóò ti yanjú ẹ̀. Màrdíyyàh rò pé fọ́tòkọ́pì ló tún ń béèrè. Ó ní ọkọ òun ti lọ ṣe é.

Ìgbà yẹn ni Safiyat wọlé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilẹ̀kùn sì fún mọ́ ọn díẹ̀. Sájẹ́ńtì béèrè pé ta tún nìyí.

"Ọkọ mi ni," ni Màrdíyyàh wí.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ńtì.

Ìyá kan tó ń nu fèrèsé níbẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fi àkísà bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọ̀gá mi," ó ní, "ewúrẹ́ ilé wọn gan-an, tó bá ti ṣáájú rẹ̀ dé, ọkọ rẹ̀ ni."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Sájẹ́ńtì náà rẹ́rìn-ín, ó fa igi lé ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Ó ní kí ìyàwó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ olóògbé, kó sì pe ti àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, kí òun tó lu òǹtẹ̀.

Màrdíyyàh ní Bàbá Hàlímàt ni. Orúkọ yẹn kò sí nínú fáìlì. Ó ní ọkọ òun àgbà ni. Sájẹ́ńtì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tún bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Sájẹ́ńtì gbé ọwọ́ sókè. Agogo ara ògiri ti ń lọ sí mẹ́rin. Àwọn kan ti ń ti fèrèsé.

Màrdíyyàh tẹ orí ba. Bàtà ẹsẹ̀ Jímọ̀ ló ń wò. Ó wò ó pẹ́.

"Taofeek," ó ní.

Kò pè é bí ẹni dáhùn ìbéèrè. Ó pè é bí ẹni ń pe ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Jímọ̀ náà wo ẹnu ọ̀nà. Sájẹ́ńtì tí kò mọ nǹkan kan wò ó pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tó wọlé.

Màrdíyyàh fi ìkánjú pe orúkọ àwọn méjì yòókù bí ẹni mu àgbo kíkorò. Sájẹ́ńtì lu òǹtẹ̀. Hàlímàt wọ girama.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n kọjá Àjàṣẹ́, Màrdíyyàh ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnu òun ti là, kí òun kúkú máa pe orúkọ lọ bẹ́ẹ̀. Ó dán an wò. "Jímọ̀, ẹ ti wíńdò yẹn."

Jímọ̀ rò ó pé bí òun bá di Jímọ̀ lásán, a jẹ́ pé ilé ti tú nìyẹn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Màrdíyyàh béèrè pé kí lòun á wá máa pè é. Jímọ̀ la ẹnu, ó fi eyín hàn án.

Safiyat ní kí wọ́n má gbàgbé òun o, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lòun. Ọkùnrin tó há sí àárín Safiyat àti wíńdò gbé orí sókè, ó rọra béèrè pé èwo ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú wọn, kó wá bá òun jókòó.