Ọmọ Tí Í Tú Aṣọ

Ìdílé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí n'Ísẹ́yìn, nítorí náà nígbà tí àìsàn kọ lù mí lọ́mọ ọdún méjìlá, ìmọ̀ṣẹ́ ni wọ́n pè é. Bí mo bá ti jókòó sí ìdí òfì, ọkàn mi á ní òwú tí mo jù kọjá kò gún, pé bí n kò bá tú u, ìyá mi á kú. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ń tú u náà ni.

Bàbá mi kò mọ ìdí, ó kàn ń yìn mí. "Ẹ wo ọmọ mi," á wí fún àwọn oníbàárà, "kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku." Wọn a fi fóònù ya ìka mi tó ti bó. Obìnrin kan tilẹ̀ wá láti Òtu, ó ní dandan, ọmọ tí í tú aṣọ ni yóò hun gèlè ìgbéyàwó òun. Bí ara mi ṣe ń burú sí i ni òkìkí mi ń kàn.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, gèlè kò tíì gùn tó apá mi. Ìyìn bá di èébú: wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, wọ́n ní ayé ló ń bá mi jà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bi mí pé, "Bí o ò bá tú u ńkọ́?" Mo sọ fún un, mo bú sẹ́kún. Ó ní àìsàn ni, ó máa ń ṣe ọmọdé tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ìtọ́jú sì wà.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ tó mọ aṣọ hun báyìí lẹ ní kò tíì gbó?"

"Kò tíì gbó. Tìẹ gan-an ńkọ́?"

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwòsàn ni pé kí n ju òwú kan wọ́, kí n má tú u. Ìyá mi jókòó síwájú mi. Mo jù ú wọ́, mo fi ọwọ́ kan di èkejì mú kí n má baà tú u.

Ó ní, "Èmi rèé. N ò tíì kú."

Ẹlòmíràn ló hun gèlè ará Òtu. Nígbà tí mo hun tèmi tán, pẹ̀lú òwú tó wọ́ nínú rẹ̀, ìyá mi fi ṣe ìborùn. Bàbá mi ń sọ fáwọn oníbàárà pé àrà tuntun ni ibi tó wọ́ yẹn, àwọn kan sì ti ní kí ó bá àwọn hun irú rẹ̀. Bí mo bá rí i léjìká ìyá mi, ọwọ́ mi ṣì ń yún mi láti tú u. Màá wá gbójú sókè, màá wo ojú rẹ̀.